Kí A Tó Pe Ẹfúnṣetán Ní Ìkà

Bí ìbéèrè bá jáde nínú ìdánwò pé irú ènìyàn wo ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ti wà nílẹ̀ kí aago tó lù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé ìkà ni, kò láàánú, ó rorò, ó sì gbéraga. Yóò fi ikú Adétutù ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, lẹ́yìn èyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí ìwé rẹ̀ yóò fi kún. Irú ìdáhùn báyìí ni mo ń kà lọ́dọọdún nígbà tí mo ń kọ́ni ní Yorùbá níhìn-ín ní Ìyànsàn. N kò sọ pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì dáhùn ohun tí a bi í.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan yóò bá mi jiyàn. Wọn á ní, "Obìnrin tí ó ní kí wọ́n pa aboyún, kí ni a tún ń wá lẹ́yìn èyí? Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ìkà, kí ó gba máàkì rẹ̀, kí ó máa lọ." Ọ̀rọ̀ wọn kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àkókò kò sí nínú yàrá ìdánwò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá dá ẹjọ́ ẹ̀dá ìtàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, ìwà tí ó ń bá Ẹfúnṣetán wí ni òun náà ń hù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ náà bí ó ti wà nínú ìwé. Ẹfúnṣetán jẹ́ Ìyálóde ní ìlú Ìbàdàn. Ó lówó, ó lóko, ó sì lẹ́rú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, obìnrin sì ni. Nígbà tí ọmọ náà ń rọbí, ikú mú un lọ. Láti ìgbà náà ni ayé ti dojú rú mọ́ ìyá lọ́wọ́. Ó ṣe òfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Ikú ni fún ẹni tí ó bá rú òfin náà. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Ẹfúnṣetán ní kí wọ́n pa Adétutù, wọ́n sì pa á. Ìtáwuyì wá ọ̀nà láti gbẹ̀san, ọ̀rọ̀ náà di ti ìlú, Látòósà àti àwọn ìjòyè dìde sí Ìyálóde.

Ibi tí ó yẹ kí a dúró sí kí a wò dáadáa ni òfin yẹn. Ìkà tí ó kàn fẹ́ràn kí ènìyàn máa jẹ̀rora lè fi ebi pa ẹrú, ó lè fi iṣẹ́ pa á, ó lè máa nà án láàárọ̀ lálẹ́. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ oyún ni Ẹfúnṣetán dojú kọ? Oyún ni ó pa ọmọ rẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá rí ikùn tí ó ga nínú agbo ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú ni ó tún ń rí. Òun Aníwúrà, ẹni tí ó ni wúrà, kò ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀, ẹrú tí kò ní aṣọ méjì sì fẹ́ di ìyá ọmọ lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ gbólóhùn méjì péré nípa èyí ti wọ inú ìwé náà ju ẹni tí ó kọ "ìkà" ní ìgbà ogún lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mìíràn. Eré onítàn kò dà bí ìtàn àròsọ. Nínú ìtàn àròsọ, ẹni tí ń sọ ìtàn lè dá sí ọ̀rọ̀, kí ó sọ fún wa pé lágbájá burú, támẹ̀dù dára. Bí Fágúnwà ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí ó ti ń rò fún wa ni ó ń gbà wá nímọ̀ràn. Nínú eré onítàn kò sí ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá gbọ́, ẹnu ẹnìkan ni ó ti jáde, ẹni náà sì ní ìdí tí ó fi sọ ọ́. Bí ẹrú bá pe Ìyálóde ní ìkà, òótọ́ ni ó ń sọ láti inú ìyà tí ó ń jẹ. Bí ìjòyè tí wọ́n jọ ń du agbára bá pè é bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a béèrè pé kí ni èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ pé "wọ́n sọ pé Ẹfúnṣetán rorò", ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ó wà láàárín òun àti Ìyálóde.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tí yóò sáré lọ sí apá kejì. Ó ti di àṣà báyìí pé bí a bá ti rí ìbànújẹ́ ẹnìkan, a óò dá a láre pátápátá. Wọn á kọ ọ́ pé, "Kì í ṣe ẹ̀bi Ẹfúnṣetán, ikú ọmọ ló fà á." Èyí náà kò tọ̀nà. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níhìn-ín, a mọ pupuru dáadáa. Bí àlejò bá rí i níbi tí a gbé tò ó sókè iná, tí ó dúdú bí èédú, yóò rò pé ó ti jóná dànù ni. Ṣùgbọ́n a óò họ èépá dúdú náà kúrò, a óò gún un, a óò jọ̀ ọ́, a óò sì rí i pé funfun ni inú rẹ̀. Bí a ti rí inú funfun náà, a kò lè sọ pé iná kò jó o. Ìbànújẹ́ Ẹfúnṣetán wà nínú, ikú Adétutù wà lóde, akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti kọ nípa méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe é, ẹ mú eré onítàn mìíràn, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Baṣọ̀run Gáà, ó jáde ní ọdún 1972, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní 1970. Gáà ni Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ẹni tí ó ń fi ọba jẹ tí ó sì ń yọ ọba. Nínú eré náà, Gáà mú Agbọ́nyìn, ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, ó fi í ṣe ètùtù. Ẹ wò ó nísinsìnyí: bàbá kan pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá kan pàdánù ọmọbìnrin tirẹ̀. Ọgbẹ́ kan náà ni. Kí ni Abíọ́dún ṣe? Ó mú sùúrù, ó wá Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wọ́n sì dojú ìjà kọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Kí ni Ẹfúnṣetán ṣe? Ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ni ikú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè tó ikú. Ó wá yí ojú rẹ̀ sí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àwọn tí kò lè dá a lóhùn, àwọn tí ó fi owó rà.

Ibẹ̀ ni ìwà Ẹfúnṣetán gbé fara hàn lójú tèmi. Ọ̀fọ̀ ṣẹ òun nìkan kọ́. Ohun tí ó fi ọ̀fọ̀ náà ṣe ni ìwà rẹ̀, ohun tí ó sì mú kí ó lè ṣe é ni agbára tí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ kò lè yẹ̀ wò. Ìyá mìíràn tí kò ní ẹrú yóò sunkún títí yóò fi dákẹ́. (Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ń pe Abíọ́dún ní ẹni mímọ́. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́, ìjìyà tí ó tẹ̀lé ìṣubú Gáà ní ọdún 1774 kò mọ sórí Gáà nìkan. Àwọn ọmọ àti ẹbí rẹ̀ tí ó wà káàkiri pẹ̀lú jẹ nínú rẹ̀. Ìdáhùn tí ó bá mẹ́nu ba èyí yóò túbọ̀ níyì.)

Ọ̀rọ̀ ìtàn tí mo dárúkọ yìí gbé mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Ẹfúnṣetán gbé ayé rí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni nípa ìbí, ó di oníṣòwò ńlá ní Ìbàdàn, ó sì jẹ oyè Ìyálóde níbẹ̀. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1874 jẹ mọ́ ogun: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun darí dé. Ikú ẹrú kankan kò sí nínú ẹ̀sùn náà. Ní ọdún 1874 kan náà ni wọ́n lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru.

Nínú eré Ìṣọ̀lá, májèlé ni Ẹfúnṣetán fi ọwọ́ ara rẹ̀ mu nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ nínú ìdánwò pé àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó pa á lórí ibùsùn, ẹ ti gba òdo fún apá yẹn, nítorí pé ìwé Ìṣọ̀lá ni a bi yín, a kò bi yín ní ti Johnson. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ méjèèjì ní àǹfààní kan tí àwọn yòókù kò ní. Ó lè béèrè pé: kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi yí ikú obìnrin yìí padà? Èmi rò pé Ìṣọ̀lá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mìíràn ní àṣẹ lórí Ẹfúnṣetán títí dé òpin. Ẹni tí ó ń pàṣẹ ikú fún àwọn ẹlòmíràn ni ó pàṣẹ tirẹ̀ náà. Ẹ lè máà gbà pẹ̀lú mi. Ìyẹn kò burú, bí ẹ bá ti lè fi ìwé ti èrò tiyín lẹ́yìn.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ìjòyè Ìbàdàn tí ó dìde sí i, ẹrú kún ilé tiwọn náà. Kò sí ẹni tí ó dìde láti fòpin sí oko ẹrú nínú wọn. Ó yẹ kí èyí mú wa ronú kí a tó máa pè wọ́n ní olùgbàlà.

Orúkọ rere pẹ̀lú lè di ojú wa gẹ́gẹ́ bí orúkọ búburú ti ń ṣe. Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níhìn-ín, kọ ní 1938. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, yóò kọ ọ́ pé akọni ni, alágbára ni, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni fún Àkàrà-Ògùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kàkó ń múra àtibá wọn lọ sí Òkè Lángbòdó, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé òun kò ní jẹ́ kí ó lọ, Kàkó sì fi àdá ṣá obìnrin náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Mélòó nínú yín ni ó rántí èyí? Obìnrin tí ó pa aboyún ni a mọ̀ sí ìkà títí ayé, ọkùnrin tí ó ṣá obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni a ń pè ní akọni. N kò ní kí ẹ sọ Kàkó di ẹni ibi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ lè kọ pé ìgboyà tí ó gbé e dé Òkè Lángbòdó àti ọwọ́ tí ó yá sí àdá yẹn, ara kan náà ni wọ́n ti wá.

Nípa kókó ìwé, n kò ní sọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe kókó. "Ìkà", "ìlara", "owó", àkọlé lásán ni wọ́n. Òwe pẹ̀lú kì í ṣe kókó. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé kókó Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni pé ìkà yóò ká oníkà ti sọ ohun tí a lè sọ nípa ogún ìwé mìíràn. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni èyí: mú gbólóhùn tí o pè ní kókó, gbé e lé orí ìwé mìíràn. Bí ó bá bá ìwé kejì mu láìyọ ohunkóhun kúrò, o kò tíì rí kókó ti àkọ́kọ́. "Agbára ń gunni" bá Gáà mu, ó sì bá Ẹfúnṣetán mu, nítorí náà kò tó. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ọ́ pé "owó lè ra ènìyàn, kò lè ra ọmọ, ẹni tí ó bá sì gbìyànjú láti fi èkíní di àlàfo èkejì yóò ba ti ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn jẹ́", kò sí bí o ṣe lè gbé e lé orí Gáà. Ìwé kan ṣoṣo ni ó ni ín.

Bákan náà ni pẹ̀lú Rẹ́rẹ́ Rún tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1973. Bí ẹ bá kọ pé ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ni kókó rẹ̀, ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ lásán ni ẹ sọ. Ẹ ní láti sọ ohun tí ìjà náà sọ Láwúwo dà, àti ìdí tí ẹni tí ó ń jà fún gbogbo ènìyàn fi wá dá nìkan wà.

Fíìmù ńkọ́? Ẹ wò ó, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ó Le Kú tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1997 kì í ṣe ìwé tí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wà nínú méjèèjì. Ẹni tí ó ń yẹ ìwé ìdánwò wò yóò mọ̀ bóyá ojú ni ẹ fi wo eré tàbí ìwé ni ẹ kà. Aṣọ tí ẹni tí ó ṣe Àṣàkẹ́ wọ̀ nínú fíìmù kò sí nínú ìwé. Mo ti rí i tí ẹnìkan ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kan gbáko.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ kí ìpínrọ̀ kan rí nígbà tí ẹ bá ń dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ogójì ìṣẹ́jú yóò ti kọ ọ́:

"Òfin tí Ẹfúnṣetán ṣe lórí oyún fi hàn pé ikú ọmọ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè káàánú rẹ̀ dé ibi yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin náà mú Adétutù, ó ní àyè láti dárí jì í, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Kò dárí jì í. Nítorí náà ìbànújẹ́ ni ó bí òfin náà, Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ni ó mú un ṣẹ."

Gbólóhùn márùn-ún ni. Kò tún ìtàn sọ, kò sọ̀kò ọ̀rọ̀, ó sì dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀yin náà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ní ìwé náà lọ́wọ́ tí ẹ sì kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì: ìgbà àkọ́kọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìgbà kejì kí ẹ máa fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tí ẹ̀dá ìtàn bá ti ní ọ̀nà méjì níwájú tí ó sì yan ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá ń kà á ní ìgbà kejì yẹn, ẹ bá mi wo Adétutù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí Ìyálóde, wọn a sì fi ìlà kan ṣoṣo rántí ọmọbìnrin tí wọ́n pa, bí ẹni pé ẹrù tí a fi wọn ìwà ọ̀gá rẹ̀ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó mọ òfin náà dáadáa kí ó tó lóyún. Ó mọ̀ pé ikú ni. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ mú ẹ̀dá ìtàn kan tí ó wù yín kí ẹ sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ mú un, nítorí pé ìwé tí a óò kọ lórí rẹ̀ kò ní pọ̀ nínú òkìtì tí ó wà níwájú ẹni tí ń fún yín ní máàkì.